Jagunjagun tó Po Ẹrẹ̀ ní Bẹ́yẹrúnkà

Ọdún tí ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn ni ògiri ilé Sàláúdéènì wó. Òjò àkọ́kọ́ ọdún náà ló wó o, òjò kékeré kan tí kò tiẹ̀ pẹ́, láàárín ìrun àìlà àti ìrun alásárì. Sàláúdéènì jókòó lórí ẹní nínú yàrá rẹ̀ ní Bẹ́yẹrúnkà, ó ń ta eyín. Ó gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí èèyàn da agbọ̀n iṣu sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó máa yíjú padà, pópó ló rí. Obìnrin kan tó ru omi dúró sí àárín ọ̀nà, ó ń wo Sàláúdéènì àti ẹní rẹ̀ àti ìkòkò omi rẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá," ni obìnrin náà wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Sàláúdéènì ti tó ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin nígbà náà. Nígbà ogun Kírìjì, ó lé ní ogójì ọkùnrin tó ń jẹun nínú ilé rẹ̀ yìí. Bí ara ilé bá fẹ́ yẹ̀, ohun tí òun mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju pé kó na ọwọ́ sí i, kó ní "Ẹ tún ibẹ̀ yẹn ṣe," lọ. Kó tó padà dé láti ibi tó ń lọ, wọ́n á ti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ogun parí, Àjẹ́lẹ̀ òyìnbó dé, àwọn ẹrú sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọra lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹlòmíràn kò tiẹ̀ dágbére. Àwọn ìwọ̀fà rẹ̀ gba ibi iṣẹ́ ojú irin lọ. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù, Morẹ́nikẹ́, wà nílé ọkọ ní Òjé, ibẹ̀ ló sì ti ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí i. Òun nìkan ló kù nínú ilé tí wọ́n kọ́ fún ogójì èèyàn.

Kí ilẹ̀ tó gbẹ lọ́jọ́ náà, Ọlábọ̀wálé dé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, òun ló jẹ Mọ́gàjí agbo ilé lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀. Ó ń ra rọ́bà àti èkùrọ́ fún àwọn ará Èkó, ọ̀ràn òwò náà sì ti gba gbogbo ọkàn rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ewu ògiri."

"Ewu kan kò sí. Ògiri ló wó, èmi kò wó."

Ọlábọ̀wálé rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wo àjà, ó wo òrùlé tó ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Mo ti ń rò ó tipẹ́. Ẹ wá máa gbé yàrá tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà agbo ilé. A óò wó èyí tó kù níbí, kí n fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́ ilé onípáànù tí màá máa kó ẹrù sí."

"Ibi tí mò ń sùn lo fẹ́ kó rọ́bà sí?"

"Ta ni yóò tún un ṣe fún yín? Àwọn èèyàn yín dà?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Sàláúdéènì lára ju bí ògiri tó wó ti ṣe é lọ. Ó ti rán sí àwọn ọ̀dọ́ agbo ilé kí wọ́n wá ràn án lọ́wọ́, gbogbo wọn ni wọ́n ní Mọ́gàjí ti bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Ó dìde lórí ẹní.

"Èmi fúnra mi ni màá tún un ṣe."

"Ẹ̀yin?"

"Èmi tí o ń wò yìí."

"Ó dáa," ni Ọlábọ̀wálé wí. "Ìtàdógún méjì ni mo fún yín. Tí ògiri bá dúró nígbà náà, ẹ máa gbé ibẹ̀. Tí kò bá dúró, àwọn ọmọ mi á gbé ọkọ́ wá."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Sàláúdéènì wa iyẹ̀pẹ̀ dúdú lẹ́yìn ilé, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i. Ó da omi sí i, ó fi igbá bù ú, ó ń jù ú mọ́ ojú ibi tó wó. Ó lẹ̀ mọ́ ọn. Inú rẹ̀ dùn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta mọ́, gbogbo ẹrẹ̀ náà ti yọ̀ sílẹ̀, ó tẹ́ sí ìdí ògiri bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ó ní omi ló pọ̀ jù. Ó tún pò ó, omi tó fi sí i kò tó nǹkan. Èyí dúró fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì là yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Yésúfù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ lọ ogun, tó ń gbé ní ẹsẹ̀ òkè Màpó, wá kí i lọ́jọ́ náà. Ó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ kàn án pẹ́nrẹ́n, odidi rẹ̀ sì ṣí kúrò bí èépá ojú egbò.

Yésúfù rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á lẹ́nu. "Sàláù! Ọwọ́ tó fi àgádá wọ odi ìlú ló ń fi iyẹ̀pẹ̀ ṣeré yìí? Fi í sílẹ̀. Wá máa gbé lọ́dọ̀ mi, àyè wà."

"Tí mo bá fi í sílẹ̀, ta ni mo fi í sílẹ̀ fún?"

Yésúfù kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó rí i pé kò sí àwàdà níbẹ̀. "Obìnrin kan wà ní Pópó Yemọja tó ń tún ilé alámọ̀ ṣe káàkiri. Èyí tó bá fọwọ́ kàn kì í wó. O mọ̀ ọ́n. Ẹrú ẹ̀gbọ́n rẹ ni tẹ́lẹ̀, Èkìtì."

Sàláúdéènì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà kò sì bá a lára mu, ṣùgbọ́n ọjọ́ ń lọ.

Ó bá a níwájú ilé tó ń gbé, ó ń gé koríko gbígbẹ wẹ́wẹ́ sínú agbọ̀n. Ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Èkìtì."

Obìnrin náà kò wẹ̀yìn.

"Èkìtì, èmi ni."

Ìgbà tó pè é lẹ́ẹ̀kẹta ló nàró, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀. "Ẹ kú ìrìn, Bàbá. Ẹni tí ẹ ń pè yẹn kò sí níbí."

"Ìwọ kọ́ ni?"

"Èjìdé ni orúkọ mi. Bàbá mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀. Ọdún méjìlélógún ni mo fi gbé nínú agbo ilé yín, ẹnì kan ṣoṣo kò béèrè rí."

Sàláúdéènì wà lára àwọn tí ìtìjú máa ń yára sọ di oníbìínú. Ó gbójú sókè. "Ọ̀rọ̀ orúkọ kọ́ ni mo bá wá. Ògiri mi ló wó."

"Mo mọ̀. Mo kọjá níbẹ̀. Mo rí nǹkan tí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú."

"Wá bá mi tún un ṣe."

"Rárá."

Sàláúdéènì ti yí padà láti máa lọ kó tó ronú sí i. Ó dúró. Ó ti pẹ́ tó ti bẹ ẹnikẹ́ni gbẹ̀yìn, ẹnu rẹ̀ wúwo. "Ó dáa. Kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é, Èjìdé. Èmi ni màá ṣe é."

Obìnrin náà wò ó títí. "Ọjọ́ tí Ọlábọ̀wálé kó ẹrù mi síta, tó ní òun kò lè máa bọ́ ẹrú tí kò lágbára oko mọ́, níbo lẹ wà?"

"Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀."

"Kí lẹ sọ?"

"N kò sọ nǹkan kan."

"Ẹ ń jẹ obì," ni Èjìdé wí. Kò pariwo. "Yàrá tí mo fi ọwọ́ mi rẹ́ lọ́dọọdún, wọ́n lé mi kúrò nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ sàréè ọ̀gá mi tó gbẹ. Mo gbé ẹní mi kọjá níwájú yín. Ẹ ń jẹ obì."

Sàláúdéènì tẹrí ba. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ṣe é."

Èjìdé tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gé ìdì koríko kan tán kó tó sọ̀rọ̀. "Màá kọ́ yín. Kì í ṣe nítorí yín o. Mo fẹ́ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín yẹn rí ògiri kan tí kò lè wó. Ṣùgbọ́n a kò ní po ẹrẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ẹ óò bọ́ agbádá, ẹ óò ká ṣòkòtò, ojú pópó tí gbogbo ayé ń gbà kọjá la óò ti pò ó."

"Ìyẹn nìkan ni?"

"Ìyẹn nìkan."

"Ọ̀la ńkọ́?"

Ohun tó kọ́kọ́ ní kó ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni pé kó wó lára ògiri tó kù. Sàláúdéènì figbe ta. Ó ní èyí tó wó kò tó o ni? Èjìdé fi gìgísẹ̀ ta ìdí ògiri náà, ògúlùtu kan sì já bọ́. Inú rẹ̀ kún fún ikán.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jagun," ó ní, "ṣé ẹ máa ń di ọgbẹ́ tí ìdọ̀tí ṣì wà nínú rẹ̀?"

Ìyẹn yé e. Ó ti rí ọgbẹ́ tó pọ̀ láyé rẹ̀. Ó gbé ọkọ́, ó gé ògiri náà títí ó fi kan ibi tó le. Lẹ́yìn náà wọ́n wa ilẹ̀pa pupa, wọ́n da koríko wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n bu omi díẹ̀díẹ̀ sí i, Sàláúdéènì sì bọ́ sínú rẹ̀. Ó gbọ̀n nígbà tí ẹrẹ̀ tutù náà yọ láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń pò ó lọ, ó ń pò ó bọ̀. Nígbà tó rò pé ó ti tán, Èjìdé ní kò tíì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi màrìwò bò ó kó lè sùn mọ́jú, wọ́n tún pò ó lọ́jọ́ kejì. Èjìdé kọ́ ọ láti ṣù ú ní ọwọ́, kó jẹ́ kó já bọ́ láti ìbàdí: bó bá fọ́, omi kò tó, bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, omi ti pọ̀ jù, bó bá jókòó jẹ́ẹ́ bí òkèlè iyán, ó tó mọlé.

Àwọn èrò Ọjà'ba ń dúró wò wọ́n. Àwọn kan ń kí i, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín sínú. Ọkùnrin kan ké láti òdìkejì, "Háà, ológun ti di amọlé!"

Sàláúdéènì gbé orí sókè láàárín ẹrẹ̀. "Wò ó dáadáa! Tí o bá délé, pe àwọn tó kù wá!"

Ìgbà tí àkókò ìrun bá tó, á jáde, á fọ ẹsẹ̀ àti ọwọ́, á ṣe àlùwàlá, á kírun, á tún padà sínú ẹrẹ̀. Ìyẹn máa ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, Èjìdé sì máa ń kùn sínú. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Bí wọ́n bá mọ ìpele kan, ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ìdúró yìí ni Sàláúdéènì kò lè fara dà. Ọjọ́ kẹtàlá pé, ìpele méjì péré ló wà nílẹ̀. Èjìdé lọ ṣiṣẹ́ ní Òjé lọ́jọ́ náà. Sàláúdéènì kúkú gbé ìpele kẹta lé orí èkejì tí kò tíì gbẹ. Ó dára lójú. Nígbà tí oòrùn máa yẹ àtàrí, ògiri náà yọ ikùn síta, ó sì wó lu ẹsẹ̀ òsì rẹ̀.

Orí òkìtì náà ni Èjìdé bá a nígbà tó dé. Ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó tẹ̀ ẹ́ níbí, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún. "Egungun kò ṣẹ́," ó ní. Ó gbé ọkọ́ fún un. "Ẹsẹ̀ òsì ló fara pa. Ọ̀tún ṣì lè po ẹrẹ̀."

Kò gba ọkọ́ náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Níbo lo ti kọ́ iṣẹ́ yìí?"

"Nílé wa. Àwọn ológun Ìbàdàn jó o lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà àkọ́kọ́, mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, èmi àti bàbá mi la tún un mọ. Òun ń mọ ọ́n, mò ń po ẹrẹ̀. Ìgbà kejì, kò sẹ́ni tó kù tí yóò tún un mọ."

"Ṣé mo wà níbẹ̀?"

"N kò mọ̀. Èéfín ni mo rí."

Sàláúdéènì fẹ́ sọ pé òun kò sí níbẹ̀. Ó ka àwọn ìlú tí wọ́n wọ̀ lọ́dún náà nínú ọkàn rẹ̀, kò sì lè sọ ọ́. Kò lè tọrọ àforíjì pẹ̀lú. Ó dà bíi pé ẹnu rẹ̀ kéré jù fún ọ̀rọ̀ náà. Ó gba ọkọ́, ó fi tilẹ̀ dìde, ó wọ inú ẹrẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ kan pò ó. Èjìdé wò ó fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà òun náà ká ìró rẹ̀, ó bọ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n jọ pò ó títí di àkókò alásárì.

Nígbà tí ògiri tuntun fi máa tó ìbàdí, Ọlábọ̀wálé rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Ó ránṣẹ́ pé ẹrú tí òun ti lé jáde kò gbọdọ̀ gba ẹnu ọ̀nà agbo ilé òun wọlé láéláé.

Láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, Èjìdé kò gba ibẹ̀. Ojú ibi tí ògiri ti wó ló ń gbà. Ṣùgbọ́n ó ti ń gbé ẹsẹ̀ sókè gan-an báyìí kó tó lè rékọjá. "Ìpele kan sí i," ó ní, "n kò ní lè wọlé mọ́. Ẹ óò máa dá ṣe ti inú. Màá máa wo ti ìta."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí obìnrin náà dé, ó bá Sàláúdéènì tó ń fi ọkọ́ gé ògiri tuntun náà láàárín.

"Ẹ̀yin! Kí ni ògiri ṣe yín?"

"Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é tí wọ́n bá fẹ́ dá ẹnu ọ̀nà sí i?"

Èjìdé rò pé ó ń ṣàwàdà. "Ẹnu ọ̀nà kan ni agbo ilé yín ní."

"Ó ti di méjì."

"Wọ́n á bá yín jà."

"Mo ti jà rí."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Sàláúdéènì gbọ́ ẹ̀rín obìnrin náà, ẹ̀rín ńlá kan tó mú kí àwọn tó ń kọjá yíjú sí wọn. Lẹ́yìn náà ó so òkúta mọ́ okùn, ó gbé e rọ̀, ó fi bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣe gbọ́dọ̀ tọ́ hàn án. Wọ́n wá igi líle tí ikán kì í jẹ, wọ́n gbé e dábùú lókè ṣe àtẹ́rígbà. Ó ní orí igi náà gbọ́dọ̀ wọ inú ògiri ní ọ̀tún àti lósì, kó má bàa yọ. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tí Sàláúdéènì mọ fúnra rẹ̀ wọ́ díẹ̀. Èjìdé ní kó wó o. Ó kọ̀. Ó ní òun ni òun máa gba ibẹ̀ kọjá, ó sì tẹ́ òun lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí ìtàdógún méjì pé, ògiri ti kan òrùlé, wọ́n sì ti fi koríko tuntun bo apá tó pọ̀ jù nínú ibi tó ṣí. Ọlábọ̀wálé mú ọkùnrin mẹ́fà wá pẹ̀lú ọkọ́ léjìká. Ó tún bẹ Bàbá Sàídì, àgbà jùlọ nínú agbo ilé, kó wá ṣe ẹlẹ́rìí. Wọ́n rin inú ilé já, wọ́n bá Sàláúdéènì tó dúró láàárín ẹnu ọ̀nà tuntun, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Èjìdé wà lórí pópó lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá Sàídì fi èjìká ti ògiri. Kò mì. Ọlábọ̀wálé ní kí méjì nínú àwọn ọmọ rẹ̀ tì í. Wọ́n tì í títí ọrùn wọn fi le. Ilẹ̀pa pupa kùn wọ́n láṣọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ó wọ́," ni Ọlábọ̀wálé wí.

"Ó wọ́," ni Sàláúdéènì dáhùn. "Ó sì dúró."

"Ta ló fún yín láṣẹ ẹnu ọ̀nà? Agbo ilé bàbá mi nìyí!"

"Bàbá rẹ ni ẹ̀gbọ́n mi. Inú agbo ilé yìí ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí." Ó tọ́ka sí Èjìdé lẹ́yìn rẹ̀. "Ọlábọ̀wálé, ọjọ́ tí o lé Èjìdé jáde, mo jókòó, n kò sọ̀rọ̀. Mo ń bẹ̀rù kí ojú rere rẹ má bàa kúrò lára mi, èmi tí n kò bẹ̀rù ìbọn. Ọ̀rọ̀ tí n kò sọ lọ́jọ́ náà nìyí. Mo ti fi ẹrẹ̀ sọ ọ́. Èjìdé á máa gba ibí wọlé, á máa gba ibí jáde. Tí o bá fẹ́ wó o, ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ara mi."

Àwọn tó gbé ọkọ́ ń wo ara wọn. Yésúfù, tó ti dúró láàárín èrò látàárọ̀, bọ́ síwájú. Ó sún ọ̀rẹ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ó tẹ́ awọ ẹran tó ń kírun lé lórí dábùú ẹnu ọ̀nà, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ bí ẹni tó wà nílé ara rẹ̀.

Ọlábọ̀wálé yíjú sí Bàbá Sàídì. Bàbá náà gbọn ilẹ̀pa kúrò ní èjìká. "Ohun tí o sọ létí gbogbo wa ni pé tí ògiri kò bá dúró. Ó dúró. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà, a óò jókòó lé e lórí lọ́jọ́ mìíràn."

Wọn kò jókòó lé e lórí mọ́. Ṣùgbọ́n Ọlábọ̀wálé kò kí àbúrò bàbá rẹ̀ fún ọdún méjì gbáko. Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ nínú agbo ilé náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọn kò pe Sàláúdéènì. Ó dùn ún. Ó sọ fún Yésúfù pé ó dùn òun, ó sì ní bí òní bá tún padà di àná, òun á tún dá ẹnu ọ̀nà náà sí ibẹ̀.

Èjìdé ń wá. Ó máa ń wá wo òrùlé, ó máa ń wá bá a jà lórí ọ̀nà omi tí kò gbẹ́ jinlẹ̀ tó. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, àwọn ará àdúgbò tí ìwọ̀fà wọn ti lọ bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ sí wọn. Ẹni tó kọ́kọ́ ránṣẹ́ ni Louisa, ìyàwó olùkọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ onígbàgbọ́, tí ògiri ilé ìdáná rẹ̀ ti tẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ́ òun, òun fẹ́ máa tún un ṣe fúnra òun. Sàláúdéènì ká ṣòkòtò, ó bọ́ sínú ẹrẹ̀, ó ń ṣàlàyé fún un bí ẹni tó ti ń ṣe é láti kékeré.

"Omi yẹn ti pọ̀ jù," ni Èjìdé wí láti ibi tó ti ń gé koríko.

"Kò pọ̀."

"Ẹ ṣù ú ní ọwọ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kó já bọ́."

Ó ṣù ú, ó jẹ́ kó já bọ́, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Louisa fi ọwọ́ bo ẹnu. Sàláúdéènì wo ilẹ̀, ó wo Èjìdé, ó sì ní kí wọ́n bu ilẹ̀pa sí i.